Ta Lo Ń Sọ "O" Fún?

"Màmá àgbà, ṣé o ti jẹun?"

Uswat, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń béèrè láti Kánádà, lójú fóònù.

Ní Agége, Ìyá Sìlífá nìkan ló wà ní yàrá. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Sìlífátù já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ta lo ń sọ 'o' fún? Ẹgbẹ́ ẹ ni? Ẹ má bínú, Màámi. 'Yú' lòyìnbó ń pe tàgbà tèwe."

"Fi í sílẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi pàṣán kọ́ wa!"

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀, jọ̀ọ́."

Gbogbo àdúgbò ló ń kúnlẹ̀ kí Ìyá Sìlífá.

Àmọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò tún sẹ́ni tó ń fi "o" bá a sọ̀rọ̀ mọ́.