Ohùn Bàbá Nínú Oko Igi Tíìkì

Látìgbà tí Fọlárìn ti di ajíhìnrere ìjọ Mọ́mọ́nì ni bàbá rẹ̀ ti yan odì sí i. Ọjọọjọ́ Ajé tí ìjọ bá gba àwọn ajíhìnrere láyè láti pe ilé, ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ìyá ní bàbá ń sùn, ohùn ìyá sì ń gbọ̀n.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Fọlárìn àti Asúkúò, ọmọ Kàlàbá tí wọ́n jọ ń wàásù kiri, ń bọ̀ láti òde ìwàásù. Ilẹ̀ ti ṣú. Bí wọ́n ṣe wọ inú oko igi tíìkì, ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n dúró, ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀lé wọn náà dúró. Wọ́n wẹ̀yìn, wọn kò rí ẹnikẹ́ni.

"Àjàní!"

Fọlárìn ni ohùn náà ń pè. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè é, ìlú wọn sì jìnnà réré.

"Jọ̀ọ́, má dáhùn!" ni Asúkúò wí.

Ṣùgbọ́n Fọlárìn ti dọ̀bálẹ̀ nínú eruku tòun ti ẹ̀wù funfun, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ káalẹ́, Bàbá mi."

Ohùn náà tún dún láti inú òkùnkùn.

"Ó dàárọ̀, ọmọ mi."

Ẹsẹ̀ náà yí padà, ó ń wọ́ lórí ewé gbígbẹ, títí wọn kò fi gbúròó rẹ̀ mọ́.