Èémí Tó Wà Lẹ́yìn Takisí

Nadim ń wakọ̀, ó sì ń fetí sí èémí bàbá arúgbó tó gbé sẹ́yìn takisí rẹ̀.

"Bàbá, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?"

"Mẹ́ta. Orí àga ni mo sùn lánàá. Ìwọ wo ọ̀nà rẹ jàre."

Bàbá Ogden rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé okùn bàtà kò ṣeé so.

"Tí a bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún wọn pé ọkàn ló ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ má kúrò níbẹ̀ àfi tí dókítà bá rí yín."

"Dókítà kẹ̀? Ilé ìwòsàn márùn-ún ló ti para pọ̀ báyìí, ọmọ mi. Owó tí ìjọba fún wọn, apòògùn ni kí wọ́n fi gbà síṣẹ́, àti àwọn tó ń tọ́jú iṣan. Wọn ò gbọdọ̀ fi gba dókítà."

Nadim gbàdúrà sínú. Ó ti gbọ́ irú èémí yìí rí, lára ìyá kan ní ìlú Barnsley. Ilẹ̀ ò mọ́ bá ìyá náà. Ó ṣì ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Wọ́n dé. Ó di bàbá lápá mú wọlé.

Joanne tó ń gba aláìsàn wọlé gbójú sókè, ó sì gbé e sílẹ̀ kíá.

"Ẹ káàárọ̀, Dókítà Nadim. Ẹ má bínú. Ìwé tí ẹ fi wáṣẹ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Kò tíì sí owó dókítà."

Bàbá Ogden yíjú sí awakọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ ni dókítà? Kí wá ni mo ń wá níbí?"

"Joanne, pe ọkọ̀ pàjáwìrì," ni Nadim wí.

Ìka rẹ̀ ti wà lọ́rùn ọwọ́ bàbá, ó ń ka bí ọkàn náà ṣe ń lù.