Ìdánrawò Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Lálẹ́, ọmọbìnrin kan wọ ọ́fíìsì ìyá olùdámọ̀ràn. Ọ̀la ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́ kan, wọn ò sì tíì sọ ọ́fíìsì tí iṣẹ́ náà wà fún un.

"Jókòó sórí àga mi," ni ìyá olùdámọ̀ràn wí. Bó ṣe máa ń kọ́ gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ nìyẹn.

Ọmọbìnrin jókòó sétí àga.

"Fẹ̀yìn tì dáadáa. Ta ló máa fọ̀rọ̀ lọ̀ ẹni tí àga ń bà lẹ́rù?"

Ìyá ń bi í, ó ń dáhùn. Wọ́n tún un ṣe títí ohùn rẹ̀ fi dúró ṣinṣin.

"Bí wọ́n bá ní kí lo fi sàn ju ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà báyìí ńkọ́?"

"Mo ní ìwé-ẹ̀rí tí òfin tuntun ń béèrè. Wọ́n ní òun ò ní."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ orí tábìlì sínú báàgì.

Ẹyin lohùn. Ọmọbìnrin rò pé òun ti fọ́ ọ.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó o sọ ọ́," ni ìyá wí níkẹyìn. "Má dín in kù, má sì bú ẹnikẹ́ni mọ́ ọn."

Ọmọbìnrin fẹ́ dìde. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ wá gba àga yín."

Ìyá ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Má dìde, ọmọ mi. Àga tí wọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó sí nìyẹn."