Èèpẹ̀ Pupa Tó Tan Ọ̀gá Awalẹ̀ Jẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fo ìlà kankan o. Ẹ kà á látòkè délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Awalẹ̀pìtàn ni Olúmúyìwá, ọmọ Èkìtì tó ń gbé Oregbeni ní ìlú Bìní. Kí ilé iṣẹ́ kan tó rì páìpù gáàsì mọ́lẹ̀, wọ́n ní kó kọ́kọ́ gbẹ́ ogójì kòtò kéékèèké lójú ọ̀nà páìpù náà, kó wò ó bóyá nǹkan àwọn ará àtijọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ṣèlérí pé bó bá ṣe é dáadáa, òun ni yóò jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà títí dé òpin. Láti ọdún méjìlá ló ti ń wá irú àyè yìí.

Ó mọṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹnu ẹ̀! "Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ilẹ̀ wíwà?"

2.
Ní kòtò kẹtàdínlógún, wọ́n kan èèpẹ̀ pupa tó mọ́ nigínnigín. Kò sí àpáàdì, kò sí èédú. Olúmúyìwá ní, "Ó parí. Ẹnikẹ́ni ò gbé ibí rí. Ẹ dí i."

Pá Osaro, baba Ẹ̀dó tó ni oko náà, gbọ́ Yorùbá dáadáa, torí ará Ọ̀wọ̀ ni ìyàwó ẹ̀. Ó mi orí.

"Ọmọ mi, wà á díẹ̀ sí i. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká láyé àtijọ́ kọjá níbí. Èèpẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú yàrà lò ń wò yẹn. Àwọn kan ti gbé ibí kí wọ́n tó dà á lé e lórí."

"Papa, abeg, go rest."

Morọ́láyọ̀, igbákejì ẹ̀, bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Wákàtí méjì péré ni."

"Àbí ìwọ náà ti di ọmọ onílẹ̀? Dí i, jàre!"

Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

3.
Yéè! Lóṣù kejì, katapílà dé. Ó wa ilẹ̀ kọjá ibi tí Olúmúyìwá ti dúró, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì péré. Ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀, egungun èèyàn, gbogbo ẹ̀ rún wómúwómú kí awakọ̀ tó rí i pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ará abúlé tú jáde, wọ́n dá iṣẹ́ dúró.

Ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà ní Airport Road, wọ́n gbé ìwé tí Olúmúyìwá fọwọ́ sí síwájú ẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ẹnì kankan sọ fún ọ pé kí o wà á sí i?"

Ó wolẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi, sà."

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e fún Morọ́láyọ̀. Olúmúyìwá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Pá Osaro. Baba gbé e dìde, ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Àwọn tí wọ́n sùn síbẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò wá sọ ìtàn wọn báyìí?" Olúmúyìwá bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ bi onílẹ̀ léèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, torí ohun tí katapílà bá ti lọ̀, omijé kì í tò ó pọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.