Ẹlẹ́rìí Kejì fún Àmì-Ẹ̀yẹ Kẹta

Ẹ̀ṣọ́ ti ti ìlẹ̀kùn yàrá ìwé àtijọ́ mọ́ Arínpé lórí, kò mọ̀ pé ó ṣì wà nínú. Ó gbálẹ̀kùn títí, ó kígbe títí, ẹnì kan ò dáhùn. Ló bá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, àkọsílẹ̀ iye àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fún Láṣebìkan, awakọ̀ òfurufú tó kú sójú ogun. Méjì wà nínú ìwé ìjọba. Ẹ̀kẹta, lẹ́tà opó rẹ̀ nìkan ló dárúkọ rẹ̀. Òfin ibi iṣẹ́ wọn sì ni pé ẹlẹ́rìí kan kò tó.

Ó fi bírò fagi lé ẹ̀kẹta.

Irin kan já bọ́ lẹ́yìn pẹpẹ ìwé. Bàtà ológun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, kò-kò-kò. Orí Arínpé wú.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹlẹ́rìí kejì ni mò ń wá."

Bàtà náà dúró lẹ́yìn àga rẹ̀.

"Ó ti dé."