Jakúsì Ẹ̀yìnkùlé ní Àkànràn

Nígbà tí Lateef sọ fún bàbá rẹ̀, Lìádì, pé òun fẹ́ gbé jakúsì sí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Àkànràn, bàbá náà bèèrè pé irú ẹran wo nìyẹn.

Lateef rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀: ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá ni, iná ni yóò máa mú omi rẹ̀ gbóná, omi náà yóò sì máa hó sí èèyàn lára.

"Ṣé ó gba èèyàn méjì?" ni Bàbá bi í.

"Ó gba mẹ́rin, Bàbá. Kì í ṣe korobá."

Ọlọ́runṣògo nígboro ni Lateef àti Kifayah, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Ìyá Lateef ti kú, òun nìkan ni wọ́n sì bí. Lójú tirẹ̀, ilé náà ti di tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa wá gbafẹ́ níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Bàbá yóò kó lọ sí ahéré lóko. Kò tíì sọ fún Bàbá. Àgbẹ̀ tó ń fi aṣọ oko jókòó sórí àga tìmùtìmù, kí ló fẹ́ fi pálọ̀ ṣe?

Káfíńtà wá kan pèpéle pákó tí wọn yóò gbé jakúsì náà lé, ó ga tó ìbàdí èèyàn. Josiah wẹ́dà wá jó irin àfọwọ́dìmú yí i ká. Bàbá fa àga wọn sún mọ́ ọn.

"Josiah, sún irin yẹn mọ́ra sí i. Orí ọmọdé lè há síbẹ̀."

Josiah wo Lateef. Lateef wo ilẹ̀. Kifayah dìde, ó wọlé. Ó ti pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń wá ọmọ.

"Ṣé o gbọ́ wọn?" ó bi Lateef nígbà tó tẹ̀ lé e wọlé. "Èmi ni wọ́n ń bá wí."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ mọ̀ ọ́n sọ?"

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Zubaidah ló ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Jalabíà rẹ̀ gbòòrò bí àgọ́. Bàbá ní obìnrin náà ló ń tọ́jú òun. Lateef kò bi í léèrè orúkọ. "Ìwọ yìí" ló ń pè é. Ó ní kó gbá pàǹtírí pákó, ó gbá a. Ó ní kó rìn kíákíá, obìnrin náà rọra ń lọ bó ṣe ń lọ.

"Ẹ ò ṣe wá ẹni tó yá ju èyí lọ?" Lateef bi bàbá rẹ̀.

"Bó ṣe wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn."

Lọ́jọ́ tí pọ́ḿbà so omi mọ́ jakúsì náà, Bàbá tún bèèrè bóyá aláboyún lè wọ̀ ọ́. Lateef ní omi gbígbóná kò dára fún aláboyún.

"Ṣé a lè dín in kù kó lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

Kifayah bojú wo ibòmíràn. Lateef na ìka sí bọ́tìnnì kan. "Ẹ tẹ èyí. Òpè pàápàá lè tẹ̀ ẹ́."

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún un tẹ̀, kó lè dá wọn lójú.

Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ ṣí i, Lateef kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti ìgboro. Ó sán tówẹ̀lì, ó gun pèpéle, ó sì rò pé ìsinsìnyí ló yẹ kí òun sọ ọ́.

"Bàbá, ilé yìí ti tóbi jù fún yín. Afẹ́fẹ́ oko á tù yín lára. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó kó yín lọ sí ahéré."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mi orí. Bàbá náà mi orí.

"Ọ̀rọ̀ rẹ dáa," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi onílé léèrè."

Zubaidah jáde wá. Ó fi ọwọ́ kan di irin mú, ó ń gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀. Lateef ní kó sáré padà lọ mú tówẹ̀lì wá fún àwọn àlejò.

"Dọ̀bálẹ̀, Lateef," ni Bàbá wí, "kí o kí ìyá rẹ kékeré, ẹni tí mo fi ilé yìí ta lọ́rẹ níwájú lèmọ́ọ̀mù lọ́jọ́ yìgì wa, kí o sì rẹ ohùn rẹ sílẹ̀, torí àbúrò rẹ ló wà níkùn wọn yẹn."