Mounirou Aránṣọ àti Ẹsẹ̀ Tí Kò Dùn Ún

Àléébù Mounirou kò ju ẹyọ kan lọ: bí wọ́n bá fún un ní ìmọ̀ràn, ẹ̀rín ló máa ń fi í rín. Aránṣọ ni ní Bantè. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, títí kan lèmọ́mù.

Lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní àtọ̀gbẹ, Màdáámù Salomé, nọ́ọ̀sì, jókòó tì í.

"Bàbá Nabil, àìsàn yìí máa ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri. Egbò lè wà níbẹ̀ kí ẹ má mọ̀. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́. Ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ dé àárín ọmọ ìka. Ẹ má sì rìn láìwọ bàtà."

"Mo ti gbọ́, màdáámù."

Gbígbọ́ tó gbọ́ náà ni pé, lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹsẹ̀ sórí tábìlì nínú ìsọ̀, ó ń sín nọ́ọ̀sì jẹ. "Ẹsẹ̀ mi, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ sùn dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọn ju oògùn lọ.

Sikirath, ìyàwó rẹ̀, ra bàtà rírọ̀ fún un ní Savalou. Mounirou ní bàtà arúgbó ni. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Ìyàwó ní kí òun máa bá a wo àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tí kò dùn mí! Kí lo fẹ́ wá níbẹ̀, wúrà?"

Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ṣẹ́, ó bọ́ sílẹ̀, Mounirou sì tẹ̀ ẹ́ wọnú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò mọ̀ rárá. Ó gun alùpùpù lọ sí Gouka, ó gùn ún bọ̀, abẹ́rẹ́ ń bá a ṣeré kiri. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ti Mounirou ń ga lábẹ́ ẹsẹ̀.

Nígbà tó yá, ìsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Mounirou ní eku ló kú. Ó gbọn gbogbo aṣọ wò, kò rí eku. Rachidi ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá wọn ṣòkòtò, di imú, ó fojú tọpa àwọn eṣinṣin.

"Mounirou, ìwọ ni eku náà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ibà ti dá a wó kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn Savalou. Dókítà wo ẹsẹ̀ tó ti dúdú dé kókósẹ̀, ó mi orí. "Bí a kò bá gé e, yóò gbé yín lọ." Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá. Mounirou sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Nígbà tó jí, Sikirath wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá Nabil, jọ̀ọ́, bá mi họ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ń yún mi burúkú."

Sikirath na ọwọ́, kò bá nǹkan kan lórí ibùsùn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: egbò tí kò dunni kì í ṣe egbò tó ti san. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo jíǹgí. Bí ojú rẹ̀ kò bá tó o, kí ará ilé bá a wò ó. Kó wọ bàtà, kó má sì dúró de ìrora kó tó lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí aláìsàn bá ń fi ìtọ́jú ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ọwọ́ yín wà nínú gígé ẹsẹ̀ náà.